Béèsì tí mo tà ní Kàbbà, àti nǹkan tí mo fi pamọ́ tí kò jẹ́ kó tètè lọ

Okun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ta gìtá béèsì mi, torí oṣù márùn-ún ló fi wà nílẹ̀ kó tó lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lò lẹ́yìn tí mo yí ọwọ́ padà. Ẹni tó bá ní irinṣẹ́ orin kan tó fẹ́ tà, yálà kíbọ́ọ̀dù ni o, yálà gìtá ni o, kó fara balẹ̀ bá mi lọ.

Ọdún 2014 ni mo ra béèsì yẹn ní Ìlọrin, tòkunbọ̀, ₦38,000. Kì í ṣe Fender o, ẹ má jẹ́ kí n purọ́, àwòṣe Jazz Bass ni, irú èyí tí Leo Fender gbé jáde lọ́dún 1960 tí oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ sì ti ń ṣe irú rẹ̀ látìgbà náà, okùn mẹ́rin, píkọ́ọ̀pù méjì (ohun tó ń gbọ́ ohùn okùn), bọ́tìnnì fólúùmù méjì, bọ́tìnnì tóònù kan. Pupa ni, ó ti ṣí lára níbì kan nísàlẹ̀, bí èékánná ọmọdé ló ṣe tó. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni mo fi ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kàbbà níbí, ìkórè, ìsìnkú, ìgbéyàwó, àìsùn ọdún tuntun, títí dé Mọ̀pà àti Ìyàmoyè là ń gbé e lọ tí wọ́n bá pe ẹgbẹ́ akọrin wa. Lọ́dún 2022 mo jábọ́ lórí ọ̀kadà, ìka àárín ọwọ́ òsì mi kò ká dáadáa mọ́ látìgbà náà, ẹni tó bá sì ń ta béèsì mọ̀ pé ìka yẹn kì í ṣe ìka téèyàn lè fi sílẹ̀ kó ní òun á fi mẹ́ta yòókù ṣe é. Bó ṣe di ohun abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìyẹn. Ọdún méjì.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi obìnrin rí wọlé sí yunifásítì ní Lọ́kọ́ja, owó sì ń wá lọ́tùn-ún lósì. Ìyàwó mi ò sọ pé kí n tà á, òun ló kúkú máa ń nu eruku ara àpò rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ìpalẹ̀mọ́ orin, mo ní "ẹ gbọ́ o, mo fẹ́ ta béèsì mi," ni gbogbo ẹgbẹ́ akọrin bá bú sáyọ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, sópúránò kan tiẹ̀ dìde dì mọ́ mi. Wọ́n rò pé ọwọ́ mi ti san ni, pé mo fẹ́ padà wá máa ta á. Ọ̀rọ̀ kan náà la ṣáà ń lò fún méjèèjì lédè wa, ta gìtá, ta ọjà. Nígbà tí mo wá ṣàlàyé pé ọjà ni mo ní lọ́kàn, gbogbo wọn dákẹ́. Mi ò gbàgbé ìdákẹ́jẹ́ yẹn, òun ló sì kó bá mi nígbà tó di ọ̀rọ̀ iye owó.

Torí ₦300,000 ni mo kọ́kọ́ pè é. Ṣé ẹ rí i, ìrò méjì ló wà nínú iye yẹn. Àkọ́kọ́, náírà ti já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti ní kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye tí dọ́là máa jẹ́, tuntun ti di ohun tí àpò ẹlòmíì ò lè sún mọ́, gbogbo èèyàn ń wá tòkunbọ̀, mo ní kí èmi náà jẹ nínú ẹ̀. Ìkejì ni ti ọdún mẹ́jọ yẹn, ìkórè, ìdákẹ́jẹ́ àwọn akọrin, gbogbo ẹ̀ ni mo kó lé owó. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ rà á ò sí níbi ìkórè wa. Irin, igi àti wáyà ló fẹ́ rà. Ó gbà mí tó oṣù méjì kí n tó gbà bẹ́ẹ̀, tí mo bá àwọn olórin méjì tó ní béèsì ní Lọ́kọ́ja àti Ìlọrin sọ̀rọ̀, kì í ṣe pé mo béèrè iye tí wọ́n ń pe irú ẹ̀ lọ́jà o, iye tí wọ́n fi ra tiwọn gan-an ni mo béèrè. Iye tí wọ́n ń pè àti iye tó lọ, ọ̀nà wọn jìn síra. Irú tèmi ń lọ láàárín ₦130,000 sí ₦170,000 nígbà náà. Mo gbé e wá sí ₦180,000 kí àyè ìdúnàádúrà lè wà.

Owó nìkan kọ́ ni ìṣòro o. Èyí tó dùn mí jù ni fídíò tí mo ṣe.

Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo ní kí ọmọkùnrin mi máa tẹ kíbọ́ọ̀dù lábẹ́, mo fi ìka tó kù ta á díẹ̀, mo ṣí fólúùmù méjèèjì dé òpin, mo sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ibi tó ṣí lára má baà hàn. Mo wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kò ní àléébù kankan. Mo sì mọ̀. Mo mọ̀ pé ihò tí wáyà ń wọ̀ ti ń mì, mo mọ̀ pé tóònù ń ké kà-kà-kà téèyàn bá yí i, mo mọ̀ pé irin karùn-ún lórí ọrùn rẹ̀, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú yẹn tí à ń pè ní frẹ́ẹ̀tì, ti jẹ wọnú lábẹ́ okùn kejì níbi tí ọwọ́ mi máa ń jókòó sí. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé gbogbo ọlọ́jà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọkọ̀ láti Lọ́kọ́ja wá. Ó tọ́jú ara ẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó ní "ẹ̀gbọ́n, mo ti wo fídíò yín tó ìgbà mẹ́wàá." Ó fi wáyà sí i, ó ta á, inú ẹ̀ dùn, mo rí i lójú ẹ̀. Ló bá yí fólúùmù kan wálẹ̀ kó lè gbọ́ píkọ́ọ̀pù ẹ̀yìn nìkan. Húùùùùù. Ó gbé ojú sókè wò mí. Ó dá a padà sókè, ariwo lọ. Ó tún yí i wálẹ̀, húùùù. Ó ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kò ní àléébù kankan."

Ibi tọ́rọ̀ náà ti rúni lójú nìyí o, torí pé ariwo yẹn kì í tilẹ̀ ṣe àléébù! Bí Jazz Bass ṣe ń ṣe nìyẹn. Píkọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, mágínẹ́ẹ̀tì ni tí wọ́n fi wáyà bàbà tín-ínrín wé láìmọye ìgbà, bó ṣe ń gbọ́ okùn ló ń gbọ́ iná mànàmáná tó wà nínú ilé náà, bí eríà rédíò. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe wé ìkejì ní òdìkejì èkíní, tí wọ́n sì dojú mágínẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kọ ibòmíì, kó lè jẹ́ pé tí o bá ṣí méjèèjì dọ́gba, ariwo èkíní á pa ariwo ìkejì, ohùn okùn nìkan ló máa kù. Bí o bá ti yí ọ̀kan wálẹ̀ báyìí, kò sí ẹni tó máa bá èkejì pa ariwo mọ́. Tí jẹ́nẹ́rétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ tàbí tí wáyà ilẹ̀ inú ilé náà ò bá dáa, á tún le sí i. Béèsì tó tó mílíọ̀nù ń ṣe é, tèmi náà ń ṣe é. Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ, òótọ́ pọ́nńbélé ni, ṣùgbọ́n kò gbọ́ mi mọ́. Ó ti kan ihò wáyà, ó ti mì, ó ti gbọ́ kà-kà-kà. Ó ti wo frẹ́ẹ̀tì karùn-ún. Ẹni tó bá ti ká irọ́ mẹ́ta mọ́ ẹ lọ́wọ́, báwo lo ṣe fẹ́ kó gba òótọ́ ìkẹrin?

Mo fún un ní owó ọkọ̀, kò gbà á. Ó ní "ó tì o, ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run á ṣe é," ó gbé àpò ẹ̀, ó lọ. Ọjọ́ yẹn mi ò lè jẹun alẹ́. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níléèwé.

Ẹlòmíì tún wà láàárín àsìkò yẹn tó ní Abuja lòun wà, kò ná iye kankan, kò béèrè nǹkan kan nípa béèsì, ó ṣáà ní kí n fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́, awakọ̀ òun á wá gbé e. Kò pẹ́ ni alẹ́ẹ̀tì wọlé, ₦180,000 pé pérépéré, orúkọ báńkì mi ló wà lókè ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ àkáǹtì mi wò, ọgọ́rùn-ún kan ò lé e. Awakọ̀ náà ti ń pè pé òun ti dé páàkì. Mo ní kó máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe owó, inú àkáǹtì ni kẹ́ ẹ ti wò ó.

Lẹ́yìn ti ọmọ Lọ́kọ́ja yẹn ni mo wá jókòó tún béèsì náà ṣe. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó yọ irin pẹlẹbẹ tí ihò wáyà wà lórí ẹ̀, wáyà kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já lójú ibi tí wọ́n jó o mọ́, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó o padà, ó fún nọ́ọ̀tì ẹ̀, ₦1,500. Ó fọ́n nǹkan olómi tí wọ́n fi ń fọ ojú iná sínú tóònù àti fólúùmù méjèèjì, ó ní kí n máa yí wọn lọ yí wọn bọ̀ tó ogún ìgbà, kà-kà-kà bá parẹ́. Nǹkan ₦1,500 àti ti omi yẹn ló lé èèyàn padà sí Lọ́kọ́ja. Nígbà míì tí mo bá rántí, ó ṣì máa ń ká mi lára.

Okùn ńkọ́? Ẹnìkan ní kí n sè é. Bẹ́ẹ̀ ni o, wọ́n máa ń sè é, èèyàn á tú okùn béèsì tó ti kú, á kó o sínú omi híhó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀rá àti ìdọ̀tí ọwọ́ tó ti há sínú wáyà tí wọ́n fi wé e á jáde, á nù ún kó gbẹ, ohùn ẹ̀ á sì mọ́lẹ̀ padà bíi tuntun. Òótọ́ ni, mo ti ṣe é rí fún ara mi. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ti tún kú. Kí n sè é kí n tà á fún ẹlòmíì kó kú sí i lọ́wọ́, mo ní rárá, mo ti ṣe irú ìyẹn tán. Mo ra tuntun, ₦18,000, ìyàwó mi wò mí ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀.

Irin kan wà tó gba inú ọrùn gìtá kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwa tí à ń ta á ń pè é ní truss rod, òun ló ń bá okùn du ọrùn náà kó má baà tẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà kékeré kan la fi ń yí i. Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú díẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bá fi ìkánjú yí irin náà ní ààbọ̀ ìyípo lẹ́ẹ̀kan náà sí ọ̀tún, gbogbo okùn bá ń gbọ̀n pẹ̀rẹ̀ sí frẹ́ẹ̀tì, kò sí ibi téèyàn tẹ̀ tó dún dáadáa. Àyà mi já. Ọ̀gá mi kan tó kọ́ mi ní béèsì láyé ọjọ́ sí, mo pè é, ó ní "ta ló ní kó o sáré? Igi ni, kì í ṣe bọ́ọ̀tù mọ́tò. Ìdá mẹ́rin ìyípo kan ṣoṣo, kó o dúró di ọjọ́ kejì kó o tó tún fọwọ́ kàn án." Ó wá kọ́ mi bí mo ṣe máa wọ̀n ọ́n: kí n tẹ okùn mọ́lẹ̀ ní frẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ àti ní èyí tó kẹ́yìn, kí n wo àlàfo tó wà láàárín okùn àti frẹ́ẹ̀tì keje tàbí ìkẹjọ, kó gba káàdì ìpè ìgbéyàwó kan láìfún. Mo lo ọjọ́ mẹ́ta lórí ẹ̀ kó tó jókòó.

Frẹ́ẹ̀tì karùn-ún nìkan ni mi ò tún ṣe. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ò sí nítòsí, owó tí wọ́n máa gbà àti owó ọkọ̀ á ju ohun tó máa fi kún iye ẹ̀ lọ. Mo ya fótò ẹ̀ kedere, mo fi ìka tọ́ka sí ibi tó wà. Mo ya ibi tó ṣí lára náà. Mo wá ṣe fídíò míì láìsí kíbọ́ọ̀dù lábẹ́, èmi àti béèsì nìkan, mo yí fólúùmù kan wálẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ húùù yẹn, mo sọ ìdí tó fi ń ṣe é, mo fọwọ́ kan okùn kí wọ́n rí i pé ariwo dín kù, ìyẹn ni pé wáyà ilẹ̀ inú ẹ̀ kò já. Àwọn àléébù ni mo kọ sókè, ohun tó dáa lára ẹ̀ ni mo fi sísàlẹ̀. ₦180,000.

Ọjọ́ kẹrin, bàbá kan pè láti Ìsánlú. Kápẹ́ńtà ni wọ́n, ọmọ wọn obìnrin ló ń kọ́ béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Wọ́n ní "Tíṣà, mo ti gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ní ó bàjẹ́ lára ẹ̀. Mo fẹ́ wá wo èyí tẹ́ ẹ ní kò bàjẹ́."

Sátidé ni wọ́n dé, a pàdé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì torí pé spíkà béèsì wà níbẹ̀. Bàbá ò kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan okùn rárá. Wọ́n gbé béèsì náà sókè, wọ́n gbé ìdí ẹ̀ sí èjìká, wọ́n di ojú kan, wọ́n fi èkejì wo ọrùn ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ẹní ń wo pákó kó tó fi ayùn sí i. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n yí i, wọ́n tún wò ó. Wọ́n fi àtàǹpàkò fa ẹ̀gbẹ́ frẹ́ẹ̀tì lọ fa á bọ̀, wọ́n ní "ní ọyẹ́, eyín yìí á jáde díẹ̀." Mo ní òótọ́ ni Bàbá, igi máa ń fà nígbà ọyẹ́, irin kì í fà, etí ẹ̀ á máa ha ọwọ́, tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ á wọlé padà. Wọ́n mirí. Wọ́n ní "igi tó dáa ni." Láti ìgbà tí mo ti ní béèsì yẹn, kò sẹ́ni tó wò ó bẹ́ẹ̀ rí, èmi gan-an ò wò ó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọwọ́ ẹ̀ kéré, ohun tó ń ba òun àti bàbá ẹ̀ lẹ́rù nìyẹn, torí béèsì ṣọ́ọ̀ṣì wọn ọrùn ẹ̀ fẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ibi tí ọrùn Jazz Bass ti bẹ̀rẹ̀ lókè, ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 38, ó tín-ínrín ju ọ̀pọ̀ béèsì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gígùn okùn ẹ̀ jẹ́ íńṣì 34 bíi ti ọ̀pọ̀ èyí táa mọ̀. Ó dì í mú, ìka ẹ̀ dé. Ó ta orin ìyìn kan tí gbogbo wa mọ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣi, ó ń tún un ṣe. Ó dé frẹ́ẹ̀tì karùn-ún, ó dúró, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní "ibí nìyẹn, Tíṣà, àbí?" Mo ní ibẹ̀ ni. Ó ní "kò le tó bẹ́ẹ̀," ó ń bá orin ẹ̀ lọ. NEPA mú iná lọ, wọ́n tan jẹ́nẹ́rétọ̀, húùù náà pọ̀ sí i, ọmọ náà fúnra ẹ̀ yí fólúùmù kejì sókè láìjẹ́ pé mo sọ ọ́.

Bàbá ná an, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ₦120,000, a parí ẹ̀ sí ₦150,000. Wọ́n wá bi mí ní ìbéèrè kan tí mi ò retí, wọ́n ní "Tíṣà, ẹ má bínú o, báwo la ṣe mọ̀ pé tiyín ni?" Ìbéèrè tó tọ́ ni, gìtá ti sọnù ní ṣọ́ọ̀ṣì púpọ̀. Rìsíìtì ọdún 2014 ti sọnù tipẹ́. Ìyàwó mi ló gbé fótò ìkórè ọdún 2016 wá, èmi ni mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú agbádá funfun, béèsì wà lọ́rùn mi, ibi tó ṣí lára sì hàn kedere. Ibi tí mo ti ń fi pamọ́ látijọ́ o, òun ló wá jẹ́rìí fún mi. Mo kọ ìwé fún wọn, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀, iye owó, ọjọ́, àléébù ẹ̀ gbogbo, àwa méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn dúró lójú ọ̀nà Mọ̀pà kó ní níbo ni wọ́n ti rí i.

Nẹ́tíwọ̀kì báńkì ò dáa lọ́jọ́ yẹn, a dúró tó wákàtí kan kí owó tó wọlé, ìyàwó mi ti gúnyán kó tó dé. Bàbá jẹun dáadáa. Ọmọ náà ò jẹ tó nǹkan, béèsì wà lórí itan ẹ̀ nínú àpò, ó di sípù ẹ̀ mú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo rí kọ́kọ́rọ́ onígun mẹ́fà yẹn nínú àpótí tábìlì mi níléèwé. Mo ti gbàgbé láti kó o mọ́ ọn. Mo fi bébà wé e, mo fún awakọ̀ kan tó ń ná Ìsánlú ní páàkì. Àárín oṣù Kejìlá, ọyẹ́ ti dé, ọmọ náà pè mí. Ó ní "ẹ káalẹ́ sà, Tíṣà, ó ti ń gbọ̀n pẹ̀rẹ̀ lókè, Bàbá ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín ọ̀nà wo ni kí n yí i sí." Mo ní ọ̀nà òsì, ọmọ mi, ìdá mẹ́rin kan ṣoṣo, kó o dúró di ọ̀la.